Òkúta inú láítà àti àríyànjiyàn lórí irin cerium: Bí ìtànṣán X-ray ṣe dá sí i

Ẹni tó bá fẹ́ ra ìkòkò amọ̀ lọ́jà kì í fi ojú lásán wò ó kó tó sanwó. Yóò fi ìka kàn án, yóò sì tẹ́tí sí ohùn rẹ̀. Bí ìkòkò náà bá ti sán níbì kan, ohùn rẹ̀ yóò tú u fó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú kò rí i. Ọgbọ́n yìí ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń lò láti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àwọn irin tí àwọn òyìnbó ń pè ní rare earth. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìka ni wọ́n fi ń kàn wọ́n, ìtànṣán X-ray àti ẹ̀lẹ́kítírọ́nì ni.

Mẹ́tàdínlógún ni àwọn irin wọ̀nyí. Orúkọ wọn ṣàjèjì sí ọ̀pọ̀ ènìyàn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tí a ń lò lójoojúmọ́ ni wọ́n. Cerium, tí wọ́n ṣàwárí ní ọdún 1803, ló pọ̀ jù nínú òkúta kékeré tó ń ta iná nínú láítà. Neodymium wà nínú òòfà inú fóònù àti ti ọkọ̀ tó ń lo iná mànàmáná. Ní Nàìjíríà, òkúta monazite tí cerium wà nínú rẹ̀ wà nínú iyẹ̀pẹ̀ tí àwọn awakùsà tánńganran kó dà sílẹ̀ ní agbègbè Jos. Abúlé Ytterby ní orílẹ̀-èdè Sweden ni ìtàn wọn ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí wọ́n ti rí òkúta dúdú kan ní ọdún 1787. Inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde.

Ẹ̀lẹ́kítírọ́nì 58 ló wà nínú átọ́ọ̀mù cerium kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí cerium bá wà gẹ́gẹ́ bí irin, mẹ́ta nínú wọn máa ń rìn káàkiri inú irin náà, àwọn ló ń gbé iná mànàmáná kiri. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní 4f, inú ilé ló máa ń jókòó sí. Ṣùgbọ́n bí a bá fi agbára tó tó ìlọ́po 8,000 ti afẹ́fẹ́ ayé tẹ irin yìí, yóò sún kì lójijì. Nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìtóbi rẹ̀ yóò dín kù, síbẹ̀ bí àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀ ṣe tò kò ní yí padà.

Kí ló fà á? Ní ọdún 1974, Börje Johansson sọ pé 4f ló filé sílẹ̀ láti di alárìnkiri. Ní ọdún 1982, James Allen àti Richard Martin ní kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ilé ló ṣì wà, àjọṣe òun àti àwọn alárìnkiri ló kàn lágbára sí i.

Láti yanjú irú ọ̀rọ̀ báyìí, owó níná ni kí a fi ṣe àpẹẹrẹ. Bí ẹnì kan bá mú ọgọ́rùn-ún náírà wọ ọjà, tó sì mú ọgọ́ta jáde, a mọ̀ pé ogójì ló ná, bí a kò tilẹ̀ bá a wọlé. Bákan náà, bí ẹ̀lẹ́kítírọ́nì tàbí X-ray bá kọlu irin, tó sì jáde pẹ̀lú agbára tó dín, ohun tó dín náà ni ẹ̀lẹ́kítírọ́nì inú irin gbà láti fò sókè. Franck àti Hertz fi èyí hàn ní ọdún 1914, nígbà tí ẹ̀lẹ́kítírọ́nì tí wọ́n rán gba inú èéfín mẹ́kúrì kọjá pàdánù 4.9 electron-volt. Ní ọdún 1923, Compton fi hàn pé X-ray náà máa ń pàdánù agbára.

Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ méjèèjì kò rí bákan náà. Ẹ̀lẹ́kítírọ́nì kì í lè wọnú irin jìnnà, cerium sì máa ń tètè dípẹtà bí afẹ́fẹ́ bá kàn án. Yàtọ̀ sí èyí, ìwà 4f ní ojú irin yàtọ̀ sí ti inú. Ojú la ti ń mọ oúnjẹ tí yóò yóni, ṣùgbọ́n ojú cerium a máa tanni jẹ. X-ray ní tirẹ̀ máa ń wọnú lọ, kódà nígbà tí irin náà bá wà láàárín dáyámọ́ńdì méjì tó ń tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá sì yí agbára rẹ̀ sí nǹkan bí 5,723 electron-volt, cerium gan-an ni yóò dáhùn. Ilé iṣẹ́ ńlá ló ń pèsè irú X-ray bẹ́ẹ̀, bíi èyí tó wà ní Grenoble ní ilẹ̀ Faransé, tí òrùka rẹ̀ gùn tó mítà 844.

Ní ọdún 2006, àwọn onímọ̀ kan gbé àbájáde irú ìwádìí yìí jáde. Ohun tí wọ́n rí ni pé ìhà méjèèjì ló ní òótọ́ díẹ̀ lọ́wọ́: 4f túbọ̀ tàn káàkiri, àjọṣe rẹ̀ pẹ̀lú àwọn alárìnkiri sì lágbára sí i.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré ọmọdé. Ẹ̀lẹ́kítírọ́nì 4f yìí kan náà ló ń mú kí òòfà neodymium lágbára tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí orílẹ̀-èdè Ṣáínà dín iye àwọn irin wọ̀nyí tó ń tà sókè òkun kù ní ọdún 2010, owó wọn fò sókè, jìnnìjìnnì sì bo àwọn ilé iṣẹ́ káàkiri àgbáyé. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe òòfà tí kò ní í gba irin ọ̀wọ́n púpọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ìwà 4f dáadáa. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ.