Ọ̀wẹ̀ Ìlú, Ta Ni Olóko?

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa, ẹ mọ ọ̀wẹ̀ dáadáa. Bí iṣẹ́ oko bá pọ̀ ju agbára ẹnì kan lọ, yóò bẹ ọ̀wẹ̀. Àwọn ará, ọ̀rẹ́ àti àna rẹ̀ yóò wá bá a ṣe é. Kò ní san owó fún wọn. Ṣùgbọ́n yóò se oúnjẹ, yóò pọn omi, yóò wá ẹmu. Nígbà tí oòrùn bá rọlẹ̀, yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ìdí nìyẹn tí wọn yóò fi tún dá a lóhùn lọ́dún tó ń bọ̀.

Iṣẹ́ ìlú ńkọ́? Ẹnì kan ń tọ́jú kànga. Ẹnì kan ń kọ́ àgbàlagbà ní ìwé lálẹ́. Ẹnì kan ń lọ láti ilé dé ilé nítorí ìlera. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í gba owó. Olùyọ̀ǹda ni à ń pè wọ́n. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Ta wá ni olóko tí yóò tọ́jú wọn, tí yóò sì dúpẹ́? Bí kò bá sí ẹnì kankan, ọwọ́ wọn yóò rọ. Wọn yóò lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀kọ́ tí sòbìà kọ́ wa

Àwọn àgbà láàárín wa mọ sòbìà. Ní ọdún 1986, nǹkan bíi 3,500,000 ènìyàn ló ń ní in lọ́dún kan ní Áfíríkà àti Éṣíà. Ó ń dá àgbẹ̀ dúró sílé nígbà tí iṣẹ́ oko pọ̀ jù lọ.

Báwo ló ṣe ń ran ènìyàn? Ẹni tó bá mu omi adágún tí a kò sẹ́ lè gbé kòkòrò tíntìntín kan mì. Ọmọ sòbìà wà nínú kòkòrò náà. Yóò dàgbà nínú ara fún nǹkan bí ọdún 1. Lẹ́yìn náà, yóò lu awọ jáde, pàápàá ní ẹsẹ̀. Yóò máa ta ènìyàn bí iná. Bí onítọ̀hún bá ki ẹsẹ̀ bọ omi kí ara lè tù ú, sòbìà yóò tú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ sínú omi náà. Ẹni tó bá mu ún, ọdún tó ń bọ̀ ni yóò mọ̀.

Kò sí oògùn tó ń pa sòbìà nínú ara. Kò sí abẹ́rẹ́ tó ń dènà rẹ̀. Ará abúlé fúnra wọn ló ṣe iṣẹ́ náà. A yan olùyọ̀ǹda láàárín wọn. Wọ́n kọ́ aládùúgbò bí a ṣe ń fi aṣọ sẹ́ omi. Wọ́n wá àwọn tí sòbìà mú kiri, wọ́n sì kọ iye wọn sílẹ̀. Wọ́n bá wọn di egbò, wọ́n sì kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má wọ inú omi.

Ẹ rò ó wò. Ẹni tó ṣiṣẹ́ yìí fún oṣù 3 kò tíì rí èrè kankan. Bí ó bá fi í sílẹ̀, ẹsẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo nínú omi lè ba iṣẹ́ ọdún kan jẹ́. Iṣẹ́ náà ń fẹ́ ẹni tí yóò dúró pẹ́. Àwọn kan dúró. Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí pé sòbìà tán ní Bẹ̀nẹ̀ ní ọdún 2009, ní Tógò ní 2011, àti ní Nàìjíríà ní 2013.

Ọjọ́ àwọn olùyọ̀ǹda

Bí ẹgbẹ́ yín bá fẹ́ kí olùyọ̀ǹda dúró pẹ́, ẹ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún wọn lọ́dọọdún.

1. Ẹ yan ọjọ́ tó rọrùn. Kí ó má jẹ́ àkókò ìkórè tàbí ọjọ́ ọjà.

2. Ẹ sọ èso iṣẹ́ wọn. Ẹ má kàn sọ pé, "Ẹ ṣeun." Ẹ sọ pé, "Kànga yìí kò bàjẹ́ ní ọdún yìí," tàbí, "Ènìyàn báyìí ló ti lè kọ orúkọ rẹ̀."

3. Ẹ pe orúkọ wọn lójú gbogbo ìlú. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó tàbí ọkọ wọn pẹ̀lú, nítorí ilé náà ló ń fi wọ́n sílẹ̀. Yin ni yin ni, kí ẹni lè ṣe òmíràn.

4. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀. Kí ló ṣòro? Kí ni wọ́n ṣe aláìní? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, ẹ sọ ohun tí ẹ ti ṣe sí i.

5. Ẹ má ná owó iṣẹ́ tán sórí àsè. Bí ẹran bá pọ̀ nínú ìkòkò, tí kẹ̀kẹ́ olùyọ̀ǹda kò sì ní táyà, kò ní gbàgbé rẹ̀.

6. Ẹ pín iṣẹ́ ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tó rẹ̀, kí ó sinmi. Ẹni tuntun, kí ó tẹ̀ lé ẹni tó ti mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ kan ṣoṣo kò tó. Bí olùyọ̀ǹda bá ń ṣàìsàn, ẹ lọ kí i. Bí koríko bá bo oko rẹ̀ nítorí iṣẹ́ ìlú, ẹ kó ọkọ́, kí ẹ lọ bá a ro ó. Nígbà náà ni yóò mọ̀ pé ọ̀wẹ̀ ìlú ní olóko. Gbogbo wa ni olóko náà.

Ẹ jẹ́ ká jíròrò

Ta ni ó ń ṣiṣẹ́ láìgbowó ní abúlé yín?
Nígbà wo ni ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kẹ́yìn?
Ọjọ́ wo ni ẹ lè yàn fún un?