Àìsàn Kan, Ìnáwó Méjì: Àwọn Arúgbó Wa àti Àrùn Rọpárọsẹ̀ ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín ní ọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe èyí tí etí ń fẹ́ gbọ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí bàbá, ìyá àti ọmọ jọ jókòó gbé e yẹ̀wò kí ọjọ́ rẹ̀ tó dé. Ọ̀rọ̀ náà ni owó tí ìdílé ń ná nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀, èyí tí àwọn bàbá wa ń pè ní ẹ̀gbà, bá dá arúgbó wọn dùbúlẹ̀, àti ìdí rẹ̀ tí àìsàn kan náà fi ń gbọ́n àpò ìdílé kan gbẹ ju ti èkejì lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé abẹ́ ìjọba kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbé.

Kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí àrùn náà jẹ́. Ọ̀nà méjì ni ó ń gbà wá: yálà kí ẹ̀jẹ̀ dì kí ó sì dí iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ, tàbí kí iṣan náà bẹ́, kí ẹ̀jẹ̀ sì dà sínú ọpọlọ. Láti ìgbà tí ènìyàn bá ti pé ọdún 55, ewu rẹ̀ a máa fẹ́rẹ̀ di ìlọ́po méjì ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá. Ní ọdún 2018, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayọ̀wá Owólabí ti Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde, èyí tí wọ́n ṣe lára àwọn aláìsàn tí ó lé ní 2,000 ní Nàìjíríà àti ilẹ̀ Gánà. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n rí ní iwájú gbogbo ohun tí ń fà á, wọ́n sì rí i pẹ̀lú pé àìjẹ ẹ̀fọ́ tó, àti bíbu iyọ̀ sí oúnjẹ, ń dá kún un.

Níbi ìtọ́jú ni ọ̀rọ̀ owó ti bẹ̀rẹ̀. Bí a bá wo aláìsàn láti òde, irú àrùn méjèèjì jọra: ẹnu á yọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, apá á rọ, ọ̀rọ̀ á lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n oògùn tí ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì lè pa ẹni tí iṣan rẹ̀ bẹ́. Nítorí náà, dókítà gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ síkáànì wo inú orí aláìsàn ná. Oògùn náà pẹ̀lú ní àkókò tirẹ̀: bí wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀ bá ti kọjá lẹ́yìn tí àrùn kọlu ènìyàn, a kì í sábà fún un mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá fi ọkàn wo ìdílé méjì. Bàbá kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ń gbé ní àárín ìlú Àkúrẹ́. Ìyá kan ń gbé ní abúlé oko kòkó lẹ́yìn ìlú Oǹdó. Ilé Ìwòsàn Ńlá ti Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn, tí a ń pè ní UNIMED, ní ẹ̀ka ní ìlú méjèèjì, ọ̀nà tí ó sì wà láàárín wọn kò tó 40 máìlì. Ká ní iye kan náà ni a gbà lọ́wọ́ wọn fún káàdì àti bẹ́ẹ̀dì, ìnáwó wọn kò ní dọ́gba síbẹ̀. Ọkọ̀ aládùúgbò lè gbé bàbá dé ọ̀dọ̀ dókítà kí wákàtí kan tó pé. Ní ti ìyá, ó lè jẹ́ pé òwúrọ̀ ni a tó bá a nílẹ̀; a ó gbé e sórí ọ̀kadà dé ojú ọ̀dà, a ó sì háyà ọkọ̀ láti ibẹ̀. Bí ẹ̀rọ kò bá ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n kọ́kọ́ dé, wọn yóò tún gbéra lọ sí Àkúrẹ́, tàbí Ọ̀wọ̀, tàbí Ilé-Ifẹ̀. Ìrìn kọ̀ọ̀kan ń gba owó, ó sì ń gba wákàtí tí owó kò lè rà padà. Ẹni tí ó pẹ́ dé ni ó sábà máa ń pẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì, òun náà ni a ó sì máa kọ́ ní ìrìn rírìn fún ìgbà pípẹ́. Báyìí ni ẹni tí ó jìnnà ṣe ń san púpọ̀, tí ó sì ń rí ìwòsàn díẹ̀ gbà.

Owó kan tún wà tí ilé ìwòsàn kì í kọ sínú ìwé. Nígbà tí a gbé ẹlẹ́gbà nì wá sí Kapernaumu, ènìyàn mẹ́rin ni ó gbé e. Ọmọbìnrin tí ó ti ìsọ̀ rẹ̀ pa láti máa yí ìyá rẹ̀ padà lórí ibùsùn, àti ọmọkùnrin tí ó fi oko sílẹ̀ ní ìgbà ìkórè, àwọn náà ń san nínú gbèsè àìsàn yìí.

Ta ni ó ń san án? Nínú náírà mẹ́wàá tí a ń ná sórí ìlera ní Nàìjíríà, nǹkan bí méje ni ó ń ti àpò àwọn ènìyàn fúnra wọn jáde. Ètò adójútòfò ìlera tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 2005 ka òṣìṣẹ́, ọkọ tàbí aya rẹ̀, àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18. Bàbá àti ìyá tí ó bí òṣìṣẹ́ náà kò sí nínú iye yìí. Bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà wa ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni ó ń mu! Òfin tí a ṣe ní ọdún 2022 sọ ètò adójútòfò di dandan fún gbogbo ènìyàn, ó sì ka àwọn arúgbó mọ́ àwọn tí a ó ràn lọ́wọ́; ṣùgbọ́n òfin tí a kò forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ kò lè san owó bẹ́ẹ̀dì fún ẹnikẹ́ni.

Ìyàtọ̀ ibùgbé kò mọ sí ọ̀dọ̀ wa. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí òfin ọdún 1965 ti fi ètò ìtọ́jú kan lélẹ̀ fún àwọn tí ó ti pé ọdún 65, ìjọba ń san owó púpọ̀ fún ilé ìwòsàn tí ó wà níbi tí owó iṣẹ́ wọ́n ju ibi tí ó rọjú lọ. Síbẹ̀, iye tí òfin ní kí arúgbó kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ san nígbà tí a bá gbà á sí ilé ìwòsàn jẹ́ ọ̀kan náà káàkiri ilẹ̀ náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1948, a kì í béèrè owó bẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́ ẹlẹ́gbà ọmọ ilẹ̀ náà. Níbẹ̀, ìjọba ni ó fi èjìká gba ìyàtọ̀ náà. Lọ́dọ̀ wa, èjìká ọmọ ni ó wà.

Nítorí náà, kí olúkúlùkù onílé ṣe ohun mẹ́rin. Kí a máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn òbí wa déédé, kí wọ́n má sì ṣe pa oògùn rẹ̀ tì nítorí pé ara ti yá, nítorí àìtètè mólè ni olè fi ń mólóko. Kí a lọ bá àjọ adójútòfò ìlera ti Ìpínlẹ̀ Oǹdó, kí a béèrè iye tí a ń dá àti àwọn àìsàn tí ó wà nínú ètò náà, kí a sì fi orúkọ àwọn òbí wa sílẹ̀. Kí a wádìí nísinsìnyí ilé ìwòsàn tí ẹ̀rọ síkáànì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, kí a sì mọ awakọ̀ tí a lè jí ní òru. Kí àwọn ọmọ ìyá kan sì máa dá owó díẹ̀ díẹ̀ pamọ́ lóṣooṣù, kí ó má baà di pé oko kòkó ni a ó tà ní ọjọ́ ìpọ́njú, ní iye tí ẹni tí ń rà á bá fẹ́.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó di ọ̀la. Bí ẹ bá ti ka ìwé yìí tán, kí ẹnìkan nínú ilé dìde, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ ìyá àgbà ìgbà tí a wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kẹ́yìn.