Bí Ètò Kọ̀ǹpútà Bá Di Tuntun, Ta Ni Ó Ni Fáìlì Ìlànà?

Gbogbo ẹni tí ó ń lo kọ̀ǹpútà, ìbáà ṣe ní ọ́fíìsì ìjọ tàbí nínú ilé, ni ó ti gbọ́ ìmọ̀ràn yìí rí: ẹ máa sọ àwọn ètò inú ẹ̀rọ yín di tuntun. Ìmọ̀ràn rere ni, nítorí pé inú ètò tí ó ti gbó ni àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ti sábà máa ń rí ihò wọlé. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù kan wà tí ó ń fa ọ̀pọ̀ ènìyàn sẹ́yìn. Wọ́n ń bẹ̀rù pé bí ètò tuntun bá dé, gbogbo ohun tí wọ́n ti fi ọwọ́ ara wọn tò yóò parẹ́. Ìbẹ̀rù yìí ní ìdí, ó sì yẹ kí a mọ bí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà dunjú ṣe ń dènà ohun tí ó fà á.

Kí ni fáìlì ìlànà?

Apá méjì ni a lè pín ètò kọ̀ǹpútà sí. Èkíní ni ètò náà fúnra rẹ̀, èyí tí í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tí ó ṣe é. Èkejì ni fáìlì ìlànà, ìyẹn ìwé kékeré tí a kọ àṣẹ sí nípa bí ètò náà yóò ṣe máa ṣiṣẹ́ níbi tí ó wà: ẹni tí a gbà láàyè láti wọlé, ibi tí a ó máa kó ìwé pamọ́ sí, àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó ṣe ètò ni ó sábà máa ń kọ ẹ̀dà àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n alábòójútó ẹ̀rọ ni ó ń tún un kọ kí ó lè bá ipò tirẹ̀ mu. Lórí ẹ̀rọ Linux, inú àpò tí a ń pè ní /etc ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú fáìlì bẹ́ẹ̀ wà.

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ kan. OpenSSH ni ètò tí ó ń jẹ́ kí ènìyàn lè ti ọ̀nà jíjìn wọ inú kọ̀ǹpútà kan. Bí alábòójútó bá ti kọ ọ́ sínú fáìlì ìlànà rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ aṣínà wọlé, pé àfi ẹni tí ó bá ní kọ́kọ́rọ́ tí òun fọwọ́ sí, tí ètò tuntun sì wá fi fáìlì mìíràn bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀, ìlẹ̀kùn tí ó ti ti lè ṣí sílẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀. Ohun tí ó yẹ kí ó dáàbò bo ẹ̀rọ ni yóò wá di ohun tí ó tú u síta.

Òfin Debian

Àwọn tí ó ti ronú jinlẹ̀ lórí ọ̀ràn yìí ni àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni tí ń ṣe Debian, ètò tí Ian Murdock dá sílẹ̀ ní ọdún 1993, tí a sì gbé Ubuntu kà láti ọdún 2004. Ìwé òfin wọn sọ ọ́ gbangba pé a gbọ́dọ̀ pa àtúnṣe tí ẹni tí ó ni ẹ̀rọ ṣe sí fáìlì ìlànà mọ́ nígbà tí ètò bá di tuntun. Ó tún sọ pé bí a bá yọ ètò náà kúrò pàápàá, fáìlì ìlànà yóò ṣẹ́ kù, àfi bí ẹni tí ó ni ẹ̀rọ bá pàṣẹ pé kí a pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ pátápátá.

Báwo ni ẹ̀rọ ṣe ń mọ ohun tí ọwọ́ ènìyàn ti kàn? Dpkg ni orúkọ irinṣẹ́ tí ń ṣe iṣẹ́ náà. Fún àwọn fáìlì ìlànà tí ó bá ètò wá, a máa fi nǹkan mẹ́ta wé ara wọn: fáìlì tí ètò àtijọ́ gbé wá, èyí tí ó wà lórí ẹ̀rọ nísinsìnyí, àti èyí tí ètò tuntun gbé wá. Kò nílò láti tọ́jú ẹ̀dà àtijọ́ náà lódindi. Àmì kan tí a ṣírò láti inú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ó ń tọ́jú, bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá sì yí padà, àmì náà kò ní bára mu mọ́.

Bí ẹni tí ó ni ẹ̀rọ kò bá fọwọ́ kan fáìlì náà rárá, dpkg yóò fi tuntun rọ́pò rẹ̀ láìbéèrè. Bí ó bá ti tún un kọ, ṣùgbọ́n tí àwọn tí ó ṣe ètò kò yí tiwọn padà, tirẹ̀ ni yóò dúró. Bí ó bá ti pa fáìlì náà rẹ́, dpkg kì í sábà dá a padà, nítorí pé pípa rẹ́ náà jẹ́ ìpinnu. Ibi tí ọ̀ràn ti le ni ìgbà tí ìhà méjèèjì bá ti yí nǹkan padà. Níbẹ̀, dpkg yóò dúró, yóò sì béèrè. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní abèèrè kì í ṣìnà.

Bí a bá tẹ Y, a gba fáìlì tuntun. Bí a bá tẹ N, tiwa ni yóò dúró. Bí a bá tẹ D, yóò fi ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì hàn wá. Bí a kò bá tẹ lẹ́tà kankan ju pé kí a tẹ Enter lọ, N ni ó máa ń jẹ́. Èyí tí a kò yàn kì í sì í ṣègbé: tuntun tí a kọ̀ yóò wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìparí orúkọ .dpkg-dist, àtijọ́ tí a fi sílẹ̀ yóò sì gba .dpkg-old.

Àwọn mìíràn ń tẹ̀ lé ìlànà yìí ní ọ̀nà tiwọn. Lórí Red Hat àti Fedora, bí ìhà méjèèjì bá ti yí nǹkan padà, àmì tí àwọn tí ó di ètò náà fi sára fáìlì ni ó ń pinnu: yálà tiwa dúró, kí tuntun sì gba .rpmnew, tàbí tuntun gba ipò, kí a sì fi tiwa pamọ́ pẹ̀lú .rpmsave. A kì í dúró béèrè níbẹ̀, nítorí náà ó di dandan kí alábòójútó wá àwọn fáìlì wọ̀nyí kiri lẹ́yìn iṣẹ́.

Ojúṣe tiwa

Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Fáìlì tuntun lè dára, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí ojú ẹ̀rọ wa ti rí. Síbẹ̀, kí a máa tẹ N ní gbogbo ìgbà kò tó. Ní ọdún 2015, OpenSSH 7.0 yí ìlànà rẹ̀ padà, kò sì fi àyè sílẹ̀ mọ́ látilẹ̀wá fún ọ̀gá ẹ̀rọ, tí a ń pè ní root, láti fi ọ̀rọ̀ aṣínà wọlé láti òkèèrè. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti kọ “PermitRootLogin yes” sínú fáìlì tirẹ̀ kò jẹ nínú àǹfààní yìí, nítorí pé ẹ̀rọ bọ̀wọ̀ fún ohun tí ó kọ.

Nítorí náà, kí a ṣe ẹ̀dà /etc kí a tó bẹ̀rẹ̀. Kí a tẹ D, kí a kà á, kí a tó yàn. Kí a kọ ìdí gbogbo àtúnṣe sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹni tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa lè mọ̀ ọ́n. Níbi tí ètò bá sì ti fi àyè sílẹ̀, kí a kọ tiwa sínú fáìlì ọ̀tọ̀, gẹ́gẹ́ bí sudo ṣe ń ka àpò /etc/sudoers.d, kí ti oníṣẹ́ àti ti onílé má baà dàpọ̀ mọ́ ara wọn.

Ètò tí ó bá bọ̀wọ̀ fún ọwọ́ ẹni tí ó ni ẹ̀rọ ni ènìyàn lè sọ di tuntun láìfòyà. Ẹni tí kò bá sì fòyà ni kì í fi ihò àtijọ́ sílẹ̀ fún olè.