Ìṣàwárí àti Àtúnṣe Ọ́ìlì Tó Ń Jò Lára Katakata Àtijọ́

Ìfáàrà
Òrùlé páànù tó ń jò a máa tan ènìyàn jẹ: ibi tí omi ń kán sí lè jìnnà sí ibi tí ihò wà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ́ìlì tó ń jò lára katakata. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé wíwá orísun gbọ́dọ̀ ṣáájú pípààrọ̀ ohunkóhun. Massey Ferguson 135, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní 1964, ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Wíwá Orísun
Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti tutù, a ó fi kẹrosíìnì fọ ìdọ̀tí ara rẹ̀, a ó nù ún gbẹ, a ó sì bu àtíkè sí ibi tí a fura sí. A ó wá tan ẹ́ńjìnnì fún ìgbà díẹ̀, kí a sì pa á. Ibi tó ga jù lọ tí àtíkè ti tutù ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí pé ọ́ìlì a máa ṣàn wálẹ̀, afẹ́fẹ́ fáànù a sì máa gbé e sẹ́yìn.

Ihò kékeré kan wà lábẹ́ ilé kílọ́ọ̀ṣì. Bí ọ́ìlì bá ń kán níbẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ ni a ó wò. Èyí tó dúdú sábà máa ń wá láti inú ẹ́ńjìnnì, ní síìlì ẹ̀yìn kíráńkì. Èyí tó ní àwọ̀ oyin sábà máa ń wá láti inú gíà. Kí ọwọ́ tó lè dé ibẹ̀, a ní láti ya katakata sí méjì. Ìdí nìyí tí àṣìṣe níhìn-ín fi ń náni lówó.

Àtúnṣe
Kí a tó pààrọ̀ síìlì ẹ́ńjìnnì, ó yẹ kí a wo páìpù tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí. Bí ó bá dí, afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnnì yóò máa ti ọ́ìlì jáde, síìlì titun pàápàá yóò sì jò. Bí ó bá jẹ́ gáskẹ́ẹ̀tì, a ó fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ níwọ̀ntúnwọ̀nsì. Gáskẹ́ẹ̀tì tó bá ti gan, pípààrọ̀ ló kù.

Èyí tó léwu jù ni síìlì ọ̀pá táyà ẹ̀yìn, nítorí pé ọ́ìlì ibẹ̀ a máa rin súù bíréèkì. Katakata tó ń fa tírélà ẹ̀gẹ́ sọ̀kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà Adìgbẹ, ní Abẹ́òkúta, lè ṣàì dúró nígbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì. Àti síìlì àti súù tí ọ́ìlì ti rin ni kí a pààrọ̀, kí a sì dán bíréèkì wò lórí ilẹ̀ títẹ́jú kí katakata náà tó jáde.

Àgbálọgbábọ̀
Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ. Ẹni tó ń rọ ọ́ìlì kún ọ́ìlì láìwá orísun kò tíì ṣe àtúnṣe. Olùkọ́ lè fi agolo omi tí a lu lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí a sì fi àtíkè kùn, kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìyàtọ̀ láàrin àmì àti orísun.