«Ṣàn» tàbí «ràn»? Bí a ṣe lè ṣàlàyé ìtì omi nínú ilẹ̀

1. Ìṣòro

Elavagnon ni olú ìlú agbègbè Est-Mono, ní apá Atakpamé ní Tógò. Ifɛ̀, èdè tó bá Yorùbá tan, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ níbẹ̀. Ní ti èmi, èdè Faransé ni mo fi kàwé. «Pression» ni mo mọ̀ láti ilé-ìwé. Nígbà tí wọ́n ní kí n ṣàlàyé fún àwọn tó ń bójú tó kànga ẹ̀rọ ìdí tí omi kànga kan fi ń lọ sílẹ̀ bí wọ́n bá ń fa omi nínú kànga kejì, mo ní omi ń ṣàn láti ìhín dé ọ̀hún. Ojú wọn le. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé àwọn aládùúgbò ń jí omi wọn. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí mo yàn ló fa ìyẹn.

2. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilẹ̀

Inú ilẹ̀ kò dí pa: àlàfo wà láàárín hóró iyanrìn kan àti èkejì. Níbi tí ilẹ̀ bá ti mu omi yó, omi ló kún àwọn àlàfo náà. Bí a bá fi ẹ̀rọ ti omi wọ inú kànga jíjìn, omi tuntun yóò ti èyí tó bá níbẹ̀, èyí náà yóò sì ti ti iwájú rẹ̀. Ẹ wo àwọn obìnrin tó tò sídìí kànga. Bí ẹni ẹ̀yìn bá ti ẹni tó wà níwájú rẹ̀, ẹni àkọ́kọ́ lè mì láìjẹ́ pé ẹni ẹ̀yìn ti dé ibi tó wà. Ìtì ti dé. Ènìyàn kò tíì dé.

Ní 1856, Henry Darcy, ẹni tó ṣètò omi ìlú Dijon ní Faransé, fi hàn pé ohun méjì ló ń pinnu bí omi ṣe ń yára gba inú iyanrìn kọjá: bí ìtì ṣe yàtọ̀ sí ara wọn láàárín ibì kan àti ibòmíràn, àti bí ilẹ̀ ṣe ń jẹ́ kí omi kọjá. Iyanrìn kì í dí i lọ́nà púpọ̀. Amọ̀ lè dá a dúró ní ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Ìtì kì í rìn bákan náà títí. Bí ọ̀nà bá di ìlọ́po 2, ilẹ̀ tó gbọ́dọ̀ gba omi di ìlọ́po 2; ìtì kan náà sì tẹ́ sí ọ̀nà tó gùn ní ìlọ́po 2, nítorí náà agbára tó fi ń lé omi dín kù sí ìdajì. Lápapọ̀, àkókò di ìlọ́po 4. Bí ó bá gba ọjọ́ 1 kí ó tó dé mítà 10, yóò gba nǹkan bí ọjọ́ 4 fún mítà 20, àti ọjọ́ 100 fún mítà 100.

3. Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá dákẹ́

Ní Rocky Mountain Arsenal, nítòsí Denver ní Amẹ́ríkà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ti omi ìdọ̀tí sínú kànga tó jìn tó mítà 3,671 ní 1962. Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Wọ́n dáwọ́ dúró ní 1966, síbẹ̀ ní 1967 ni àwọn ìmìtìtì tó tóbi jù wáyé. Ìdí rẹ̀ ni pé ìtì ń rọlẹ̀ nítòsí kànga, ṣùgbọ́n ó ṣì ń ga sí i lókèèrè. Níbi tí ó bá ti ga, omi ń dín bí òkúta ṣe fara ti òkúta kù, wọ́n sì lè yọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ìsédò Nangbéto lórí odò Mono ti ń ṣiṣẹ́ fún Tógò àti Benin láti 1987, omi tó ga lẹ́yìn ìsédò sì ń ti omi inú ilẹ̀ lójoojúmọ́.

4. Ọ̀rọ̀ tí a yàn

«Tẹ̀» ń mú ẹni tó wà lókè wá sọ́kàn, bẹ́ẹ̀ omi inú ilẹ̀ ń ti ìhà gbogbo. Mo yan «ìtì omi». Òótọ́ ni pé ó dún bí ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n «omi» tó tẹ̀lé e kò jẹ́ kí a ṣì í gbọ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe ló ṣe pàtàkì jù: omi ń ṣàn, ìtì ń ràn, lẹ́yìn náà ó ń rọlẹ̀. Iná ń ràn láti oko kan dé òmíràn láìjẹ́ pé igi oko àkọ́kọ́ kúrò lójú kan.

Mo padà lọ sọ ọ́ báyìí, mo sì fi àwọn tó tò sídìí kànga ṣe àpẹẹrẹ. Ìbínú rọlẹ̀. Ìbéèrè tí wọ́n bi mí ni ti ṣáláńgá tó wà nítòsí kànga. Mo dáhùn pé ìdọ̀tí ń bá omi ṣàn ni, kì í ràn bí ìtì. Ó lè pẹ́ gan-an kí ó tó dé, ṣùgbọ́n pípẹ́ rẹ̀ kò sọ pé kò ní í dé. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo pe méjèèjì kò ní í lè dáhùn ìbéèrè yẹn.