Ríìlì Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Yẹ̀ Wò

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan gbé ríìlì rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń ká okùn ìwọ̀, wá sí ọ́fíìsì lóṣù tó kọjá. Owó tó yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ló fi rà á, kò sì tíì san án tán. Iyọ̀ ti jẹ ẹ́, kò yí mọ́. Ìdí nìyí tí a fi ń kọ èyí sí ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọ̀pá pẹja létí òkun àti lórí ọ̀sà Èkó.

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀pá dídán gba gbogbo owó yín. Ọ̀pá fáíbà tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 7 ti tó. Ríìlì gan-an niṣẹ́ wà. Ẹ yí i wò níwájú ọlọ́jà; bó bá ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Nọ́ńbà 3000 tàbí 4000 ló bá irú ọ̀pá yìí mu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ kan kì í bá ti èkejì dọ́gba. Ẹ wo bíréèkì rẹ̀ náà, èyí tó ń jẹ́ kí okùn tú díẹ̀díẹ̀ bí ẹja bá ń fà. Bí kúta bá sáré tí bíréèkì há, okùn já nìyẹn.

Iyọ̀ ọ̀sà máa ń pọ̀ sí i lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, torí náà kì í ṣe ti òkun nìkan. Bí ẹ bá délé, ẹ fún bíréèkì le kí omi má baà wọnú rẹ̀, ẹ rọra da omi tí kò níyọ̀ sí i lára, ẹ nù ún, kí ẹ wá tú bíréèkì kó lè gbẹ. A bi ọmọ ẹgbẹ́ wa yìí bóyá ó fọ ríìlì rẹ̀ rí. Ó ní, "Ṣebí ẹ̀bá omi náà ló ti ń ṣiṣẹ́?"