Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, kì í ṣe mímì fádìẹ: Ohun tí àwọn tó ní NAD 3020 ń sọ nípa rẹ̀

Tí oníbàárà bá dé ìsọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀rọ orin, iye wáàtì tí wọ́n kọ sára páálí lojú rẹ̀ máa kọ́kọ́ bá. "Ẹgbẹ̀rún méjì wáàtì rèé o, bàbá!" lọmọ ọjà á máa pariwo, oníbàárà náà á sì máa mi orí. Àṣé ara páálí ni agbára ọ̀hún mọ, kò dé inú ẹ̀rọ. Ìdí nìyí tó fi ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu pé ampilifáyà kan wà tí àwọn tó mọ orin gbọ́ ṣì ń yìn dòní, bẹ́ẹ̀ 20 wáàtì péré ni wọ́n kọ sí i fún sípíkà kọ̀ọ̀kan. NAD 3020 ni wọ́n ń pè é.

Ní 1972 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ NAD sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tó di 1978, wọ́n gbé 3020 jáde. Erik Edvardsen, ọmọ ilẹ̀ Norway, ló ṣe àgbékalẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ tí òṣìṣẹ́ tí kò lówó rẹpẹtẹ lè rà, tí kò sì ní kábàámọ̀, ni wọ́n ń wá. Wọn ò náwó sí ojú rẹ̀ rárá: ó ṣókùnkùn, ó rí pẹlẹbẹ, kò dán bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Owó ọbẹ̀ tí wọ́n ní, ẹran ni wọ́n fi rà, wọn ò fi ra àwo aláràbarà.

KÍ LÓ WÀ NÍNÚ RẸ̀?

Iṣẹ́ méjì ló pa pọ̀ sínú àpótí kan. Apá àkọ́kọ́ ló ń gba ohùn tó tín-ín-rín láti ara ẹ̀rọ àwo tàbí rédíò, ibẹ̀ náà lèèyàn ti ń yí ohùn sókè sódò. Apá kejì ló ń fún ohùn náà lágbára débi tó fi lè mi sípíkà. Àwọn irin kékeré tó tẹ̀ kọrọdọ lẹ́yìn ẹ̀rọ náà ló so apá méjèèjì pọ̀. Ẹ má yọ wọ́n o! Ọ̀pọ̀ ló ti ra tòkúnbọ̀ rẹ̀, tí wọ́n ní ó ti kú, nígbà tó jẹ́ pé irin yẹn nìkan ló sọnù.

Nípa ti agbára, 20 wáàtì yẹn kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀. Tí onílù bá sọ ọwọ́ lu ìyáàlù lójijì, ẹ̀rọ náà lè gbé jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa fún ìgbà díẹ̀ kíún. Ibẹ̀ ni àṣírí rẹ̀ wà. Yàtọ̀ síyẹn, tí wọ́n bá sọ wáàtì di ìlọ́po méjì, dẹ̀síbẹ̀lì 3 péré ló ń fi kún ohùn. Kí etí tó gbà pé ohùn ti di ìlọ́po méjì, wáàtì á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹni tó bá torí 25 wáàtì fi 20 sílẹ̀, etí rẹ̀ ò ní mọ̀ ọ́n.

ÌYÌN ÀTI ÌBÚ

Ohun tí àwọn tó ní i fi ń yìn ín jù ni ohùn èèyàn. Wọ́n ní kì í ha etí, ó sì máa ń kún. Ẹni tó bá jogún àwo Haruna Ishola tàbí Ayinla Omowura lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ á mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Lórí ẹ̀rọ aláriwo, agogo á bo ohùn akọrin mọ́lẹ̀. Lórí ẹ̀rọ tó mọ iṣẹ́ ẹ̀, ọ̀rọ̀ á máa jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, agidigbo á sì máa dún lábẹ́ rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Àwọn ìráhùn náà wà. Ọjọ́ ogbó ti dé sí i: tí wọ́n bá fọwọ́ yí ohùn, á máa há, á máa pariwo kára-kára. Ìdọ̀tí ni, ó ṣeé fọ̀. Àwọn kàpásítọ̀ inú rẹ̀ náà ti ń gbẹ, owó àtúnṣe sì lè ju owó tí wọ́n fi rà á lọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn kẹ́ ẹ tó náwó. Ẹ̀rọ pálọ̀ ni, kì í ṣe ti òde ìnáwó. Ẹni tó bá fipá lò ó ní òde, sípíkà kékeré tó ń mú ohùn tín-ín-rín jáde ló máa kọ́kọ́ jó.

Ṣùgbọ́n èyí tó ń dunni jù ni ti iná. Iná Amẹ́ríkà, 120 fóólìtì ni. Ti Japan, 100. Tiwa ńkọ́? 230. Ẹni tó bá ra ampilifáyà tòkúnbọ̀ ní ọjà Alábà, tí kò wo ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀, tó kì í bọ iná báyẹn, èéfín ló máa rí, kò ní gbọ́ orin. Owó oṣù kan á sì bá èéfín lọ. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa. Bó bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, ẹ wá tiransifọ́mà tó ń sọ iná kalẹ̀ sí i.

Ọ̀kan tún kù, àwọn ìyá ilé ni ọ̀rọ̀ yìí kàn: aṣọ olówùú tí ẹ fi ń bo orí ẹ̀rọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ká a kúrò. Ooru ló fẹ́ jáde níbẹ̀. Tí kò bá rọ́nà jáde, ẹ̀rọ á jóná.

Ẹni tí kò bá fẹ́ wàhálà ẹ̀rọ àgbà lè wo àwọn tó jáde lẹ́yìn rẹ̀. NAD fúnra rẹ̀ gbé D 3020 jáde ní 2013, 30 wáàtì, ó ní Bluetooth, àmọ́ kò sí ihò ẹ̀rọ àwo lára rẹ̀. Marantz gbé PM6007 jáde ní 2020, 45 wáàtì, tiẹ̀ ní ihò àwo.

Èyíkéyìí tí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ mú àwo kan láti ilé, èyí tẹ́ ẹ mọ̀ dénú. Ẹ ní kí wọ́n fi sí i, kẹ́ ẹ sì jókòó gbọ́ ọ. Ọmọ ọjà lè parọ́, páálí lè parọ́. Orin tẹ́ ẹ ti ń gbọ́ láti kékeré kò ní parọ́ fún yín.